Ta Ló Ní Kí O Dìde?

Kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ àwọn àna mi ní Bódìjà a máa rùn bíi káńfọ̀. Kì í ṣe pé ilé náà dọ̀tí. Kápẹ́ẹ̀tì àlejò pàtàkì ni. Wọ́n á ká a pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn, wọ́n á ju káńfọ̀ sí i láàárín, ó di ọjọ́ tí ẹni ẹ̀yẹ bá ń bọ̀ kí wọ́n tó tẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gun orí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ òórùn rẹ̀ tó mi, nítorí àtẹ́lẹsẹ̀ ni àwọn yòókù fi kàn án, èmi imú ni mo fi kàn án. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn èèyàn mi wá tọrọ ìyàwó mi, mo sì ń retí kí ẹnìkan ní kí n dìde. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Bí mo bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan tí òórùn káńfọ̀ sì jáde sí mi, ẹ̀rín a máa pa mí lójú títì, àwọn èèyàn á sì máa yà fún mi bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

Ṣùgbọ́n n kò lè sọ ti kápẹ́ẹ̀tì láìkọ́kọ́ sọ ti ère rọ́bà. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Olúyọ̀lé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Mo kàwé, mo sì mọ̀ pé mo kàwé, èyí tó burú jù níbẹ̀. Mo ti ń súnmọ́ ogójì ọdún láìgbéyàwó, mo sì máa ń sọ fún ìyá mi pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n ráyè. Ní ọdún náà, àwọn ọ̀gá wa ní kí wọ́n wá kọ́ wa bí a ṣe ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ṣàdédé dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Wọ́n rán nọ́ọ̀sì kan sí wa, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó gbé àpótí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o dání. Ó ṣí àpótí náà lórí tábìlì tí a ti ń jẹun, ó sì gbé ère rọ́bà kan jáde tó ní orí, tó ní ọrùn, tó ní àyà, ṣùgbọ́n tí kò ní apá, tí kò ní ẹsẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń di bisikíìtì sínú ọ̀rá ní, "Nọ́ọ̀sì, ìyókù ọkùnrin yìí ńkọ́?"

"Ó fi sílé ni. Ó ní òun gbọ́ pé ẹ̀yin obìnrin ibí máa ń gbé èèyàn sá lọ."

Bó ṣe di ọ̀rẹ́ gbogbo wa nìyẹn. Ó wá kúnlẹ̀, ó sì kọ́ wa. Bí ẹnìkan bá ṣubú tí a pè é tí kò dáhùn, tí kò mí, tàbí tó ń mí bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú odò, kí a pe ìrànlọ́wọ́, kí a tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ líle, kí a gbé ọwọ́ lé àárín àyà, kí a gbé ọwọ́ kejì lé e, kí apá wa nà tọ́n-ún, kí a tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa, kí a sì jẹ́ kó padà sókè kí a tó tún tẹ̀ ẹ́. Ó ní kó yá, kí a má sì dúró. Ó ní kí a máa ka ení títí dé ẹ̀wá, kí a tún padà sí ení, nítorí bí a bá kọjá ẹ̀wá, ẹnu á gùn, ọwọ́ á sì máa dúró de ẹnu.

Nígbà tó kàn mí, mo ká ọwọ́ ẹ̀wù mi sókè bí ẹni tó fẹ́ ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Mo dé èje nígbà tí bàbá tó ń ṣọ́ ààrò bisikíìtì wọlé, ẹni tó dàgbà jù ní gbogbo ilé iṣẹ́ wa. N kò mọ ìgbà tí mo fi ère sílẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àyà mi ti kan ilẹ̀ níwájú bàbá náà, mo sì ń sọ pé, "Ẹ káàárọ̀, sà." Nọ́ọ̀sì wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ ti pa á," ló wí.

"Mo pa ta ni?"

"Ẹni tí ẹ fi sílẹ̀ yẹn. Ó ti ń jí bọ̀, ẹ ní ẹ fẹ́ lọ kí Bàbá."

Àwọn obìnrin bisikíìtì fi ẹ̀rín wó tábìlì. Bàbá aláàrò bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ fún mi: "Nọ́ọ̀sì, ẹ forí jì í, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni."

"Bàbá, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni lóòótọ́. Ẹ̀mí ẹlòmíràn ló fi ń ṣe ẹ̀kọ́." Ó wá yíjú sí gbogbo wa, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ gbọ́. Níbi tí a bá ti ń tẹ àyà, kò sí bàbá, kò sí ọ̀gá, kò sí ọba. Àgbà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni ẹni tó sùn sílẹ̀ yẹn. Òun nìkan ni kí ẹ bọ̀wọ̀ fún."

Ó ní ẹni tó bá kùnà á padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo padà. Mo tún kùnà, nítorí pé mo ká ìgbọ̀nwọ́ mi, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ká a. Lọ́sẹ̀ kẹta, èmi nìkan ló kù nínú àwọn tó kùnà. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì ń wò mí.

"Ọ̀gbẹ́ni, ìwé wo lẹ kà parí?"

Mo sọ fún un. N kò fi ọ̀kan sílẹ̀.

"Ẹ ka gbogbo ìyẹn, ẹ ò lè ka ení dé ẹ̀wá? Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa lónìí kí n fún yín ní nọ́ńbà fóònù mi. Bí ẹ bá tún kùnà, ẹlòmíràn ni wọ́n máa rán wá, ọkùnrin sì ni."

Mo tẹ ère náà títí ó fi ń dún fín-ín, fín-ín bí bàtà tó mu omi.

Ìdílé nọ́ọ̀sì yìí, ẹni tó wá di ìyàwó mi, jẹ́ ọmọ Ìbàdàn gidi, Mùsùlùmí látọjọ́ pípẹ́, tí àwọn òbí wọn ti kó kúrò ní agbo ilé wá kọ́lé sí Bódìjà. Àwa wá láti òkè lọ́hùn-ún, ní àríwá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, onítẹ̀bọmi sì ni wá. Gbogbo ọ̀rẹ́ mi rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni yóò dá ìjà sílẹ̀. Kò dá nǹkan kan sílẹ̀. Ohun tó ń já gbogbo ènìyàn láyà nínú ilé yẹn ni ọ̀rọ̀ ìkíni. Bàbá tó bí ìyàwó mi ti kú. Ẹ̀gbọ́n bàbá náà, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Àgbà, ló tọ́ ọ dàgbà, òun náà ló sì lẹ́nu lórí ta ni yóò fẹ́ ẹ. Ẹnjiníà kan láti Akóbọ̀ ti wá tọrọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin rí. Orúnkún dun ẹnjiníà níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí, ló bá dìde jókòó kí wọ́n tó ní kó dìde. Bàbá Àgbà kò bínú. Wọ́n kàn ní kí wọ́n dá ẹrù ọkùnrin náà padà sínú mọ́tò rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹni tí kò lè fara da kápẹ́ẹ̀tì mi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣé òun ni yóò fara da ọmọ mi fún àádọ́ta ọdún?"

Nítorí náà, nínú bọ́ọ̀sì tí a háyà ní Challenge láti gbé àwọn èèyàn mi lọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni bàbá mi ń sọ títí a fi dé Bódìjà. "Bí ejò bá gun ẹ̀yìn rẹ, jẹ́ kó máa lọ. Bí ilé bá ń jó, ṣí ẹsẹ̀ kan, kí iná kọjá. O ò gbọdọ̀ dìde àfi bí ẹnu Bàbá fúnra rẹ̀ bá sọ ọ́." Mo ní mo ti gbọ́, sà. Ọ̀rẹ́ mi kan, olùkọ́ tó ń gbé ní Agbówó, tó sanra gan-an, tó fẹ́ bá mi dọ̀bálẹ̀, ní òun náà ti gbọ́.

Ìyàwó ilé wọn kan ló ń darí ètò, obìnrin tí ohùn rẹ̀ kò nílò ẹ̀rọ. A pè é ní Ìyá Alága. "Ọkọ ìyàwó, ẹ jẹ́ ká rí i! Mi ò fẹ́ ti ọmọ ọ́fíìsì o, ẹ jẹ́ kí ikùn kan ilẹ̀!" Èmi àti ọ̀rẹ́ mi dọ̀bálẹ̀ níwájú àga tí Bàbá Àgbà jókòó sí. Ìyàwó mi wà ní yàrá inú lẹ́yìn aṣọ ìkélé, bí àṣà ti rí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rí i títí wọn yóò fi pè é. Bàbá Àgbà bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Gbogbo ènìyàn tẹ́wọ́, wọ́n sì di ojú. Èmi nìkan ni n kò di ojú. Kí n sọ òótọ́: mo ń wo ẹsẹ̀ Bàbá, mo ń ṣírò iye ìgbà tí àtàǹpàkò wọn máa mì kí àdúrà tó parí.

Wọ́n gbàdúrà fún ọmọ, wọ́n gbàdúrà fún ẹ̀mí gígùn. Wọ́n ní, "Olúwa á jẹ́ kí ilé yín…" wọ́n sì dákẹ́.

"Àmín!" ni gbogbo pálọ̀ dáhùn.

Kò sí ohun tó tẹ̀lé e. "Àmín," ni wọ́n tún wí. Ó tún pẹ́ díẹ̀, ẹnìkan ní ẹ̀yìn tún ṣe àmín kẹta, èyí tó gùn, tó sì dùn, sí àdúrà tí ẹnikẹ́ni kò gbà. Ibi tí mo wà ni mo ti rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá yọ kúrò nínú sálúbàtà, ó nà gbọọrọ, ọmọ ìka ẹsẹ̀ sì yà síta. Mo gbọ́ ohùn kan bí ìhanrun, ẹ̀ẹ̀kan, ó tún pẹ́, ẹ̀ẹ̀kan sí i.

Ìyá Alága sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n mí. Àdúrà àgbà ni, ó ti wọ̀ wọ́n lára."

Ẹja tí wọ́n fà jáde nínú odò. Mo mọ ìró náà. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ṣì wà nílẹ̀. N kò lè fi ọlá bo ohun tí mo rò ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yẹn. Mo rò pé bí mo bá dìde tó sì jẹ́ pé oorun ló gbé Bàbá lọ, a jẹ́ pé wọ́n á dá ẹrù mi padà sínú bọ́ọ̀sì Challenge. Mo rò ó pé bí n kò bá dìde, ẹni kan ṣoṣo tó lẹ́nu láti ní kí n dìde kò ní lè sọ ọ́ mọ́ láé. Nígbà náà ni mo gbọ́ ọ bí ẹni pé ó wà létí mi: àgbà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni ẹni tó sùn sílẹ̀ yẹn.

Mo dìde.

"Ọkọ ìyàwó! Ta ló ní kí o dìde?" Ìyá Alága ló kígbe.

Bàbá mi fún eyín pọ̀: "Padà sílẹ̀! Padà sílẹ̀, ìwọ ọmọ yìí!"

Mo pe Bàbá Àgbà, mo gbọ̀n wọ́n léjìká, wọn kò dáhùn. Mo gbé wọn lábíyá, mo fà wọ́n sílẹ̀ láti orí àga, mo ká agbádá wọn kọjá ojú, mo kúnlẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé wọn láyà. Ìdílé méjì tó jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún àti òsì láti àárọ̀, tí wọ́n ń kí ara wọn bí ẹni tó ń dẹ́rù bara wọn, wá fi ohùn kan sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́: wọ́n ní mo fẹ́ pa á. Ìyá mi ń ké pe Jésù, àwọn ìyá tiwọn ń ṣe "Lá ìláha". Ẹnìkan gbé omi dé, ẹnìkan gbé ṣíbí, ẹnìkan mú àlùbọ́sà wá. Àbúrò Bàbá kan rọ̀ mọ́ kọ́là dàǹsíkí mi, ó sì ń fà mí sẹ́yìn, mo sì ń tẹ̀, mo ń kà, ó ń fà. Mo dé ẹ̀rin nígbà tí aṣọ ìkélé ṣí.

Ìyàwó mi jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ìbòrí rẹ̀ wà lójú. Kò kúnlẹ̀ fún bàbá mi, kò kí ìyá mi. Ó wo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ fi í sílẹ̀!" ló kígbe mọ́ àbúrò bàbá rẹ̀. "Ọkàn Bàbá ló dúró. Ẹ gbé ṣíbí yẹn kúrò. Ẹ gbé omi yẹn kúrò. Ẹ pe ilé ìwòsàn, ẹ ní a ń bọ̀." Ó kúnlẹ̀ ní ọ̀kánkán mi. "Ẹ̀yin, ẹ tún ti ká ìgbọ̀nwọ́ yín. Ẹ nà án!"

Mo nà án. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò mọ̀ọ́mọ̀ ká a.

A ń gbà á lọ́wọ́ ara wa. Bí apá mi bá ti ń gbọ̀n, yóò ní, "Ẹ̀wá tó ń bọ̀ yìí, èmi ni," èmi yóò sì yí kúrò, òun yóò bọ́ sí i láìjẹ́ kí àlàfo wà. Òógùn ń fọ àtíkè rẹ̀ sílẹ̀ sórí ìbòrí. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ẹ̀mí àgbàlagbà ló wà láàárín wa lórí kápẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n òótọ́ ni: inú mi ń dùn. Ẹ̀rù ń bà mí dé egungun, inú mi sì ń dùn bí ọmọdé tó ń já bọ́ láti orí igi tó sì rò pé òun ń fò. Mo ń wo ẹni tó ń bá mi ka ení dé ẹ̀wá, mo sì mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn tí mo lè bá kà á.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì wa ti tẹ́ àga ẹ̀yìn pẹrẹsẹ. Ọkùnrin mẹ́rin gbé Bàbá Àgbà, èmi ń tẹ̀ bí wọ́n ti ń rìn, títí a fi kọsẹ̀ lára nǹkan ńlá kan. Ọ̀rẹ́ mi ará Agbówó ni. Ó ṣì dọ̀bálẹ̀. Láàárín gbogbo ariwo yẹn, kò sí ẹni tó ní kó dìde.

Ó gbé orí sókè díẹ̀. "Ọ̀rẹ́, ṣé wọ́n ti ní ká dìde ni?"

"Ẹ dìde kí ẹ wá ṣílẹ̀kùn!" ni ìyàwó mi wí, ó sì rékọjá lórí rẹ̀.

Ọ̀nà ilé ìwòsàn kò jìn, ṣùgbọ́n awakọ̀ náà sọ ọ́ di ìrìn àjò. Ó ní òun ti gbé ọba rí, òun ti gbé ewúrẹ́ rí, òun ò gbé irú èyí rí. Nígbà tó gbọ́ tí a ń kà, ó bá wa kà á, ó sì ń fi hóònù sọ ọ́: ní gbogbo ẹ̀wá, pàá! Àwọn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà rí obìnrin tó bo ìbòrí nínú bọ́ọ̀sì tó ń fọn hóònù, wọ́n sì rò pé ìyàwó là ń gbé lọ. Wọ́n ń juwọ́. "Ẹ kú oríire o! Ẹ ó bí tibi tire o!"

Mo gbé orí sókè. "A dú…"

"Ẹ tún fẹ́ kí wọn?" ni ìyàwó mi wí. "Ẹ máa tẹ̀ ẹ́!"

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gba Bàbá lọ́wọ́ wa, wọ́n fi ẹ̀rọ iná ta ọkàn wọn jí, ọkàn náà sì dáhùn. Ṣùgbọ́n Bàbá kò sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kan kọjá, ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta. Èmi padà sí Olúyọ̀lé, mo jókòó níwájú fáìlì, n kò rí nǹkan kan nínú wọn. Ìpàdé ẹbí ti ń lọ ní Bódìjà. Àwọn kan ní ẹsẹ̀ ọkọ yìí kò dára. Ó sọ fún mi lórí fóònù pé, "Bí Bàbá bá kú, wọn ò ní fi mí fún yín."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ti fi ara mi fún yín látìgbà tí ẹ ti kùnà lẹ́ẹ̀kejì. Ṣé ẹ rò pé mi ò rí i pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni? Ṣùgbọ́n mi ò lè gba orí òkú Bàbá wọlé ọkọ. Ẹ má pè mí títí n ó fi pè yín."

N kò mọ bí mo ṣe lo ọjọ́ náà. Àwọn àgbà ní àìmọ̀kan ni ìnira tó ga jù. Èmi rò pé ìdúró ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, fóònù dún.

"Ẹ máa bọ̀. Bàbá ti sọ̀rọ̀."

"Kí ni wọ́n sọ?"

Mo gbọ́ tó ń gbìyànjú láti pa ẹ̀rín mọ́ra. "Wọ́n ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn látòkè délẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ṣí ojú kan. Wọ́n ní, ta ló ní kó dìde?"

Mo dọ̀bálẹ̀ sáàárín bẹ́ẹ̀dì méjì nínú wọ́ọ̀dù. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò rùn bíi káńfọ̀, òórùn oògùn ìfọlẹ̀ ló ń ta mí nímú.

Ohùn Bàbá Àgbà kò ju ohùn ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́ lọ. "Wọ́n ní ìwọ lo fọ́ mi légungun ìhà méjì."

"Ẹ forí jì mí, sà."

"Kò burú. Méjì kọ́ ni mo ní." Wọ́n mí díẹ̀. "Mo fún ọ lọ́mọ. Àṣẹ pé kí o dìde ló kù lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà, èyí tí mo fẹ́ sọ kó tó di pé mo lọ. N kò ní sọ ọ́ mọ́. O ti mú un fúnra rẹ. Máa lò ó lọ."

Wọ́n sì di ojú. Èmi kò mọ ohun tó kàn. Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀, àwọn aláìsàn ń na ọrùn wò mí, títí ẹsẹ̀ kan fi tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ dìde," ni ìyàwó mi wí, "ẹ ń dí àwọn nọ́ọ̀sì lọ́nà."

Ojú Bàbá ṣì wà ní dídì. "Ta ló ní kó dìde?"

"Èmi ni!" ni ìyàwó mi dáhùn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bó sì ṣe rí fún ọdún mọ́kànlá nìyẹn. Bí Bàbá Àgbà bá wá sílé wa ní Akóbọ̀, tàbí tí àwa lọ sí Bódìjà, n ó dọ̀bálẹ̀, n ó sì dìde láìgbàṣẹ. Wọ́n á gbé ojú le bí ẹni pé ọjọ́ náà gan-an ni: "Ta ló ní kí o dìde?" Láti ibikíbi tó bá wà, ilé ìdáná, ẹ̀yìnkùlé, ibi tó ti ń sá aṣọ, ìyàwó mi á kígbe: "Èmi ni!" Nígbà náà ni Bàbá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fi ọwọ́ di ìhà wọn mú, wọ́n á ní ẹ̀rín ń dùn wọ́n níbi tí mo ti fọ́. Àwọn àlejò kò mọ ìdí rẹ̀. Àwa kò sì ṣàlàyé fún wọn.

Àìsàn tó mú ìyàwó mi kì í ṣe èyí tí a ń tẹ àyà fún. Ó rọra wọlé, ó sì jókòó. Ó mọ̀ nípa rẹ̀ ju bí àwọn dókítà ti fẹ́ kó mọ̀ lọ, ó sì kọ́kọ́ sọ fún mi kí wọ́n tó sọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ó wo ọwọ́ mi, ó ní, "Nígbà tó bá tó àkókò, ẹ má gbé e lé mi láyà. Ẹ ti yege tipẹ́. Ẹ má kà á." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. N kò ka nǹkan kan.

Bàbá Àgbà kò wá síbi ìsìnkú, nítorí àgbà kì í tẹ̀lé òkú ẹni tó tọ́ dàgbà lọ sí ibojì. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀ ni wọ́n tó wá sí Akóbọ̀. N kò tíì padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ti ń jẹun lórí ìdúró, mo ti ń sùn nínú àga. Nígbà tí àwọn ààfáà lọ tán, Bàbá ní òun kò tíì lọ. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà náà, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Wọ́n jókòó, mo sì dọ̀bálẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe.

N kò dìde. Kì í ṣe pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mo kàn sùn síbẹ̀, mo sì ń dúró de ìbéèrè náà, nítorí pé n kò mọ ohun tí n ó ṣe bí wọ́n bá bèèrè tí ilé ìdáná kò sì dáhùn. Mo rí ẹsẹ̀ méjèèjì, sálúbàtà, àtàǹpàkò tí mo ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọn kò bèèrè. Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ amómitutù nínú ilé ìdáná. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pá bọ́ lulẹ̀, ọwọ́ kan sì kàn mí lẹ́yìn.

"Dìde," ni Bàbá Àgbà wí. "Dìde, ọmọ mi."

Mo dìde. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ère rọ́bà náà wà lọ́dọ̀ mi, wọ́n fún ìyàwó mi nígbà tí wọ́n ra tuntun. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan mo máa ń gbé e jáde fún àwọn ará àdúgbò wa, mo sì máa ń sọ fún wọn ẹni tí àgbà jẹ́ níbẹ̀.

Bàbá Àgbà kò bi mí ní ìbéèrè yẹn mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo máa ń lọ kí wọn ní Bódìjà. Bí wọ́n bá gbọ́ pé mo ń bọ̀, wọ́n á tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì náà, n ó dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní kí n dìde, n ó sì dìde bíi ti gbogbo ọkọ ọmọ. Nígbà mìíràn, mo máa ń pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ ọ́, mo fi imú kan káńfọ̀, mo sì gbé etí sí ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Bàbá kì í kánjú mi. Wọ́n mọ ẹni tí mo ń dúró dè.